Ọmọ abúlé èédú tó wa wúrà tí kì í ṣe tirẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdílé Andrew Fisher

Ìbéèrè: Mo rí i kà pé ọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Scotland, tó ṣe iṣẹ́ wíwa wúrà rí, ló di olórí ìjọba Ọsirélíà. Ta ni, àbí wúrà ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá?

Ìdáhùn: Andrew Fisher ni. Wọ́n bí i lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1862 ní Crosshouse, abúlé awakùsà kan nítòsí Kilmarnock, ní ẹkùn Ayrshire. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe olórí ìjọba Ọsirélíà: 1908 sí 1909, 1910 sí 1913, àti 1914 sí 1915. Wúrà kọ́ ló gbé e débẹ̀ o. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san fún un. Wúrà tó tọwọ́ rẹ̀ jáde, ti ilé iṣẹ́ ni. Inú ìtàn ìdílé rẹ̀ ni ohun tó gbé e débẹ̀ wà, èédú ni ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá kan èédú nínú ìtàn ẹni tó wa wúrà?

Ìdáhùn: Ìran bàbá Fisher ń wa èédú ní Ayrshire láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ yìí sì ní ìtàn kan ní Scotland tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ rí. Lọ́dún 1606, wọ́n ṣe òfin tó so àwọn tó ń wa èédú mọ́ kòtò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbà wọ́n síṣẹ́ níbòmíì àfi tí ọ̀gá wọn bá kọ ìwé pé òun yọ̀ǹda wọn. Ẹni tó bá sá lọ, olè ni òfin pè é. Tí wọ́n bá ta kòtò, àwọn òṣìṣẹ́ á bá a lọ. Ọ̀gá a tún máa fún òbí lówó díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, owó yẹn ló sì ń so ọmọ náà mọ́ kòtò.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà dáadáa á rí ohun tó jọra níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ iye gbèsè tó wà lọ́rùn òun. Tí wọ́n bá san án, ó dòmìnira. Àwọn ti Scotland kò ní gbèsè tí wọ́n lè san tán. Òfin ọdún 1775 ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀, ìgbà tó di 1799 ni gbogbo wọn tó bọ́. Ká ṣírò ẹ̀: láti 1799 títí di ọdún tí wọ́n bí Fisher, ọdún 63 péré ni. Ohun tí bàbá àgbà ẹni lè jókòó sọ fúnni ni.

Ìbéèrè: Àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Robert Fisher ni bàbá, Jane Garvin ni ìyá. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá ìyá rẹ̀. Ní ti bàbá bàbá rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ nínú ìdílé ni pé wọ́n fojú rẹ̀ rí màbo nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, débi pé ìgbà kan wà tí òun àtàwọn ọmọ kéékèèké márùn-ún kò rílé gbé. Ìtàn ẹnu ni o, mo sì fi í sí ipò ìtàn ẹnu, àmọ́ mi ò ní tìtorí ìyẹn fojú kéré rẹ̀. Ohun tí ìdílé bá ń tún sọ fún ọmọ títí dórí ọmọ-ọmọ, ó ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà di mú.

Robert kò sì jókòó lásán. Ó wà lára àwọn mẹ́wàá tó dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Crosshouse, kí àwọn ará abúlé lè máa ra oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ tiwọn. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sin oyin. Eruku èédú ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí bàbá kò lè ṣiṣẹ́ kòtò mọ́, àwọn ọmọkùnrin ló wọ inú kòtò lọ. Bí Andrew ṣe débẹ̀ nìyẹn, ọmọdé tí etí kan rẹ̀ ti di, nítorí màlúù ta á nípàá lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn awakùsà ní abúlé rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ọdún 1881 gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó tún lọ́wọ́ sí òmíràn lọ́dún 1885, àwọn ọ̀gá fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí kòtò kankan kò gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ wo bí ó ṣe jọ ohun tí ìdílé ń sọ nípa bàbá àgbà.

Ìbéèrè: Ìyẹn ló ṣe kó lọ sí Ọsirélíà?

Ìdáhùn: Ìyẹn ni. Òun àti James àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1885, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Queensland. Kì í ṣe iṣẹ́ wúrà ló kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Èédú náà ni, ní agbègbè Burrum, torí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ọdún 1888 ló tó kó lọ sí Gympie, ìlú wúrà.

Ìbéèrè: Mo rò pé inú odò ni wọ́n ti ń ṣa wúrà. Kí ni wọ́n ń fi òṣìṣẹ́ kòtò èédú ṣe?

Ìdáhùn: Inú odò náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1867, James Nash, ará England, rí wúrà níbi tó wá di Gympie. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lápò ìjọba Queensland nígbà náà, wúrà yẹn ló sì kó wọn yọ. Ní 1868, wọ́n hú odidi wúrà kan jáde tó wúwo tó nǹkan bí kílò 30. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́bìrì àti àwo ìfọyẹ̀pẹ̀ lè jí ní tálákà kó sùn ní olówó. Ilẹ̀ àwọn Kabi Kabi ni ilẹ̀ náà, àwọn ni wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Kò pẹ́ tí wúrà ojú ilẹ̀ fi tán. Èyí tó kù wà nínú òkúta funfun líle tí wọ́n ń pè ní quartz, tó na bí iṣan wọnú ilẹ̀ lọ. Ẹnì kan kò lè dá gbẹ́ ìyẹn. Ó gba ilé iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́, ó gba ẹ̀rọ, ó sì gba àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ láìjẹ́ kó ya lulẹ̀ lé wọn lórí. Ibẹ̀ ni ọmọ Crosshouse ti wúlò. Wọ́n á fi irin dá ihò sí òkúta, wọ́n á ki ẹ̀tù sí i, wọ́n á yìn ín. Wọ́n á fa àfọ́kù òkúta gòkè, òòlù irin ńláńlá tí ẹ̀rọ ń gbé sókè gbé sílẹ̀ á sì máa gún un títí tó fi máa kúnná bí èlùbọ́. Omi á gbé e kọjá lórí mákúrì, irin kan tó máa ń ṣàn bí omi, mákúrì á di wúrà mú, wọ́n á fi iná lé mákúrì lọ, wúrà á ṣẹ́ kù.

Eruku òkúta yẹn burú púpọ̀. Ó máa ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró títí èémí ò fi ní í já gaara mọ́. Ohun tó mú Robert ní Crosshouse ṣì ń dúró de ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì ayé. Lọ́dún 1891, Andrew gba ìwé ẹ̀rí láti máa darí ẹ̀rọ tó ń fa èèyàn àti ẹrù gòkè láti inú kòtò. Òkè ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe ti ìdí ẹ̀rọ dé ilé ìjọba?

Ìdáhùn: Ohun tó kó wá láti Scotland ló ń ṣe lọ: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì. Gympie dìbò fún un wọ ilé aṣòfin Queensland ní 1893, wọ́n já a kulẹ̀ ní 1896, ó bá dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sì padà wọlé ní 1899. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ṣe mínísítà nínú ìjọba Anderson Dawson, ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ lágbàáyé, tí kò lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Láti 1901 ló ti wà nílé aṣòfin gbogbo Ọsirélíà.

Nígbà tó ń ṣe olórí ìjọba, wọ́n ṣòfin báńkì ìjọba ní 1911, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyá tó bá bímọ ní pọ́n-ùn 5 ní 1912. Inú mi ì bá dùn láti dúró síbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ àwọn ìyá tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, irú àwọn Kabi Kabi, sílẹ̀, ó sì yọ àwọn ará Éṣíà sílẹ̀. Ọmọ tí ìran rẹ̀ mọ ohun tí òfin lè fi ojú èèyàn rí ló wà nípò nígbà náà. Ó dùn mí, mi ò sì lè fi pamọ́.

Ìbéèrè: Ó níyàwó, ó bímọ?

Ìdáhùn: Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1901, ó gbé Margaret Irvine níyàwó, ìyá Margaret ló ni ilé tí Fisher ń gbé ní Gympie. Ọmọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan ni wọ́n bí. Àkọ́bí ń jẹ́ Robert. Ní Scotland, àṣà ni pé kí àkọ́bí ọkùnrin jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá ń wá ìdílé Scotland kiri, orúkọ àkọ́bí sábà máa ń júwe ilé bàbá àgbà.

Ìbéèrè: Tí mo bá fẹ́ wá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìwé ikú?

Ìdáhùn: Ó sinmi lórí ibi tí ẹni náà kú sí. Fisher kú ní London lọ́jọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1928, Hampstead ni wọ́n sì sin ín sí. Ìwé ikú England ìgbà yẹn kì í sọ orúkọ bàbá àti ìyá olóògbé. Ká ní Gympie ló kú sí ni, orúkọ òbí ì bá wà níbẹ̀. Ká ní Crosshouse ni, á wà níbẹ̀, iṣẹ́ bàbá náà á sì wà. Nítorí náà, ẹ fi ti London sílẹ̀, kí ẹ padà sí Scotland. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1855 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló wà fún ohun tó ṣáájú ìyẹn. Láti 1861, ìwé ìbí Scotland máa ń sọ orúkọ ilé bàbá ìyá, iṣẹ́ bàbá, àti ọjọ́ àti ibi tí àwọn òbí ti ṣègbéyàwó. 1862 ni wọ́n bí Andrew.