"Ṣebí Kì í Kólòlò Tó Bá Ń Kọrin"

Ẹ dá ọ̀rọ̀ akólòlò sílẹ̀ láàárín èèyàn mẹ́ta, ẹnì kan á sọ ọ́ ṣáá ni: "Ṣebí kì í kólòlò tó bá ń kọrin. Ẹ̀rù ló ń bà á." Á wá mirí bí ẹni tó ti rídìí ọ̀rọ̀.

Pé kíkólòlò kò kan ọgbọ́n orí, a ti jọ mọ̀yẹn. Ọ̀rọ̀ orin yìí ló sú mi. Òótọ́ ni, ẹnu àwọn akólòlò máa ń já geere nínú orin. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá ọ̀rọ̀ kiri nínú orin? Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, ìlù ti sọ ìgbà tí kálukú wọn máa bọ́ sí, ohùn sì ń fà lọ láìdúró. Ẹ ní kí akólòlò kan náà bá ẹlòmíì ka ìwé sókè pọ̀, á kà á láìkọsẹ̀. Ṣé orin náà nìyẹn? Ẹ wá bi í ní orúkọ rẹ̀. Ẹnu là, ojú pa dé, ọrùn le, ohùn ò jáde. Ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá fẹ́ há, ó lè fi òmíì dípò rẹ̀. Orúkọ ẹni ò ní àrọ́pò.

Láti ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ni kíkólòlò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì àtààbọ̀ wo ló ti ń tijú ogunlọ́gọ̀? Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ní 2010, àwọn olùwádìí tọ́ka sí àbùdá (gene, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) mẹ́ta, GNPTAB, GNPTG àti NAGPA, tó lọ́wọ́ sí i lára àwọn kan. Bóyá àbùdá náà ń bẹ̀rù.

Màá gbà díẹ̀ ṣá: ọ̀pọ̀ wọn kì í kólòlò tí wọ́n bá ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Etí ẹlòmíì wà nínú ọ̀rọ̀ náà lọ́nà kan. Ìtìjú lè dá kún un. Pé òun ló bí i ni mi ò gbà.

Nǹkan bí mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ló ń fi í sílẹ̀. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," kò burú, àmọ́ ta ló mọ ọmọ kẹrin? Tí kíkólòlò náà bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, tàbí tí ẹlòmíì nínú ẹbí bá ń kólòlò, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ. Àgbàlagbà náà lè lọ. Ó lè má tán, àmọ́ ìjàkadì ibẹ̀ máa ń dín kù. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta lòun ó fi wò ó, ẹ di àpò yín mú. Tí akólòlò bá sì ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a pè é.