Ohun tó ń mú kí hẹlikópítà kọlu wáyà àti òpó nígbà tó bá ń balẹ̀

Ẹni tó dúró nílẹ̀ máa ń rí wáyà iná nítorí pé ojú ọ̀run ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ hẹlikópítà ń wo wáyà kan náà látòkè, igbó àti òrùlé ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọlu wáyà lọ́sàn-án gangan, tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í wá wáyà, òpó ló ń wá. Tó bá ti rí òpó méjì, á gbà pé wáyà wà láàárín wọn, á sì gba orí òpó gan-an kọjá. Lórí àwọn òpó irin háítẹ́ńṣọ̀n, wáyà tín-ín-rín kan tún wà lókè pátápátá tó ń gba ààrá. Ẹni tó fò kọjá lórí àwọn wáyà tó nípọn, tó rò pé òun ti bọ́, wáyà tín-ín-rín yìí ló máa ń kọlù.

Àwọn hẹlikópítà kan ní ọ̀bẹ irin tí wọ́n dè mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ iwájú wọn. Wáyà tó bá bọ́ sára gíláàsì iwájú á yọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀bẹ, á sì gé. Àmọ́ eré ló ń bá ọ̀bẹ yẹn gé wáyà: tí eré bá ti dín sí nǹkan bíi kìlómítà 55 ní wákàtí kan, kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Ẹni tó ń balẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dín eré kù.

Ìrù náà léwu. Hẹlikópítà Bell 206 gùn tó mítà 12 tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá ń yí, iwájú sì ni awakọ̀ jókòó sí. Tó bá yí imú padà láàárín igi, ìrù á gbá lọ sí ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Abẹ̀bẹ̀ ìrù ni kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ pòòyì; tó bá fọ́, ara ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì ní òdìkejì ibi tí abẹ̀bẹ̀ orí ń yí sí.

Ibi tí igi àti ilé bá yí ká tún ń fipá mú awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ lóòró gangan. Tó bá ń jábọ̀ ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí eré iwájú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, abẹ̀bẹ̀ á máa rì sínú afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ tì sísàlẹ̀. Bó bá fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, ṣe lá túbọ̀ máa rì. Kó sún síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló lè yọ ọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni igi wà.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà pápá hẹlikópítà ni pé kí nǹkan kan lójú ọ̀nà ìbalẹ̀ má yọrí ju mítà 1 lọ fún mítà 8 kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi jìnnà sí i, títí dé 4,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n kíréènì lè yọ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ilẹ̀ tán. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2013, hẹlikópítà Agusta A109E kan fẹ́ balẹ̀ ní pápá hẹlikópítà Battersea, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọlu apá kíréènì ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ ní Vauxhall, ní nǹkan bí 700 ẹsẹ̀ bàtà sókè. Awakọ̀ kú, ẹni kan tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní títì náà kú. Ìkéde nípa kíréènì yẹn ti jáde fún àwọn awakọ̀ ṣáájú. Àwọn olùwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ má mọ̀ pé òun ti sún mọ́ ilé náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àti pé ó tẹra mọ́ bíbalẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè yẹra fún ìkùukùu.

Níbi tí kì í ṣe pápá, awakọ̀ á kọ́kọ́ yí ibẹ̀ ká lókè, á wo òpó, apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe dagun tó. Á tún kọjá nísàlẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á sì yan ọ̀nà tó máa gbà jáde kó tó yan ibi tó máa tẹ̀. Bí ohun kan kò bá yé e, kó gbéra padà nígbà tí eré ṣì wà lára ọkọ̀, torí tí eré bá ti tán, agbára tó máa fi gòkè lè má tó mọ́.