Ọkọ́ rọ́pò orin ìsìn: bí ẹ̀kọ́ ìwà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Rẹ́mọ, kò sẹ́ni tó ń jókòó sọ fún ọmọdé pé òun fẹ́ kọ́ ọ ní ìwà. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń kọ́ wa. O jí, o kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà. Kí o tó gbórí sókè, ó ti bi ọ́: "O ti gbálẹ̀?" Bí o bá ní rárá, kò ní nà ọ́. Á kàn na ìgbálẹ̀ sí ọ, á sì máa bá ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ tìrẹ di ìgbà tí àgbàlá bá mọ́. Bí o bá wá gbá àárín, tí o fi kọ̀rọ̀ sílẹ̀, gbólóhùn tó ń dunni ju pàṣán lọ ló máa tẹ̀lé e: "Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń bi ọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ilé ọ̀hún.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí àwọn kan gbà pé lọ́dọ̀ òyìnbó ni Tai Solarin, olùkọ́ tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀, ti rí ohun tó ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́. Lóòótọ́, ó wọṣẹ́ ológun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kàwé ní Yunifásítì Manchester. Àmọ́ Ìkẹ́nnẹ́, ní Rẹ́mọ kan náà, ni wọ́n bí i sí ní 1922. Ó ti gbálẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Lẹ́yìn ogun Ìmagbọ̀n ní 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ọ̀nà là gbòòrò fún àwọn ìjọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ibi tí wọ́n bá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, ilé-ìwé kì í jìnnà síbẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ ìwà ṣe bọ́ sọ́wọ́ orin ìsìn nìyẹn: ẹ tò sórí ìlà láàárọ̀, ẹ kọrin, ẹ gbàdúrà, ẹ wọ kíláàsì. Ọmọ Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kàwé náà á kọrin ọ̀hún, àwọn mìíràn sì gba orúkọ Kristẹni mọ́ ọn.

Molusi College, ilé-ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà. Ní 1949 ni wọ́n dá a sílẹ̀, S. O. Awokoya sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó di 1952, Awokoya lọ ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Awólọ́wọ̀ tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Awokoya ló gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jáde, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Àga tó fi sílẹ̀ ní Molusi ni Solarin bọ́ sí. Èèyàn kì í sábà rántí pé àga kan náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti Mayflower fi tan mọ́ra.

Solarin ò fẹ́ kí ìsìn jẹ́ ara iṣẹ́ ilé-ìwé mọ́. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn tó ni ilé-ìwé ò ti gbọ́ra wọn yé. Mi ò lè bú àwọn tó ta kò ó. Lójú ọ̀pọ̀ òbí nígbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé-ìwé, ilé-ìwé sì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá yọ àdúrà kúrò, kí lo máa wá fi tọ́ ọmọ?

Ó fi Molusi sílẹ̀. Ní January 27, 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé-ìwé tiwọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Mayflower ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: àwọn tó sá nílé kí wọ́n lè sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n ni ilé-ìwé tí kò ní ìsìn gba orúkọ ọkọ̀ wọn.

Ohun tó fi rọ́pò ìsìn ni àdá àti ọkọ́. Àtọkùnrin àtobìnrin ló ń roko, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n ń gbin ohun tí wọ́n máa jẹ, wọ́n sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹni tó bá ti roko rí á mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń lé. Fi ọmọ méjì sídìí ebè méjì, kí ọ̀kan hú koríko tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí èkejì kàn bẹ́ ẹ lórí kó lè tètè ṣe tán. Lọ́jọ́ náà, ojú kan náà ni oko àwọn méjèèjì. Fi í sílẹ̀ kí òjò rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì péré. Koríko á tú àṣírí ọ̀lẹ fúnra rẹ̀, olùkọ́ ò ní nílò láti la ẹnu. Bí ti kọ̀rọ̀ tí a ò gbá ṣe rí náà nìyẹn.

Ọ̀gá wọn náà kì í dúró lábẹ́ igi pàṣẹ. Káákì kúkúrú pẹ̀lú fìlà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. "Uncle Tai" ni àwọn ọmọ ń pè é. Àwọn kan ń pe ibẹ̀ ní ilé-ìwé aláìgbàgbọ́, síbẹ̀ onígbàgbọ́ ń mú ọmọ wá, Mùsùlùmí ń mú ọmọ wá.

Ibì kan wà tí èmi àti Solarin kò ti gba tara wa. Kò dá mi lójú pé àfi kí àdúrà kúrò nílẹ̀ kí ọkọ́ tó ráyè. Bàbá àgbà mi kì í jáde lọ sóko láìgbàdúrà, ebè rẹ̀ kì í sì í wọ́. Ó sì hàn sí mi pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni líle bẹ́ẹ̀ bá lára mu.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ilé-ìwé girama náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ní 1984 àwọn ológun ti Solarin mọ́lé nítorí ẹnu tó ń sọ. Ó kú ní 1994.

Ti àwọn ọmọ kékeré wà lọ́tọ̀. Sheila ló dá a sílẹ̀ ní 1959, Mayflower Junior, fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tíì lè gbé àdá. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ kò padà sílùú rẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ló jókòó sí títí di October 2012 tí òun náà kú.