Ẹnu Yorùbá ni dùndún ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ

Àwọn tó ń sọ pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni dùndún ti wá, pé Hausa ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa torí pé kàlàǹgú tiwọn jọ ọ́, mi ò bá wọn jiyàn pé ìlù méjèèjì jọra. Àmọ́ ìjọra kọ́ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Ẹni tí mo fọkàn tán lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, torí ọba tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ lùlù ni. Ohun tí kábíyèsí kọ sílẹ̀ ni pé Àyàn ni onílù àkọ́kọ́, ará Saworo nílẹ̀ Ìbàrìbá, òun ló kọ́ àwọn ìdílé Yorùbá kan ní ìlù lílù. Torí ẹ̀ náà lọmọ onílù ṣe ń jẹ́ Àyánwálé, Àyántúndé, Àyánkúnlé, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ báyìí ẹ ti mọ ilé tó ti jáde.

Tèmi ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni Àyàn kó wá, Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ìlù ti wá di elédè. Bàtá ń sọ̀rọ̀ níwájú Ṣàngó lóòótọ́, àmọ́ akólòlò ni, ojú ẹ̀ ò ṣeé fún kí ohùn yọ̀ látìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹnu wa ṣe ń ṣe. Àwọn onílù ààfin tó jẹ́ pé oríkì ọba ni wọ́n ń jẹ, àwọn ni mo gbà pé wọn ò sinmi títí wọ́n fi rí ìlù tó lè kì í délẹ̀.

Ẹ gbé ìyá ìlù, àgbà nínú àwọn ìlù dùndún, kẹ́ ẹ wò ó. Igi apá tàbí igi ọmọ ni wọ́n gbẹ́, ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín, awọ ewúrẹ́ lójú méjèèjì, ọ̀ṣán, ìyẹn okùn awọ, ló so wọ́n pọ̀. Ọwọ́ òsì bá fún ọ̀ṣán, awọ á le, á máa gbọ̀n kíákíá, ohùn á lọ sókè. Ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ohun tí ọ̀nà ọ̀fun wa náà ń ṣe nìyẹn tá a bá ń lo ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Gúdúgúdú, ìlù kékeré tí wọ́n ń lù mọ́ dùndún, tí kò sóhun tá a lè fún lára ẹ̀, ojú kan náà ló ń dún sí.

Ṣùgbọ́n ìlù ò ní kọ́ńsónáǹtì, ohùn nìkan ló ní, ìyẹn ni wọn kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, odindi gbólóhùn oríkì ni, kí etí lè rí nǹkan dì mú. Ẹ̀rí tó dáa jù wà n'Ìbàdàn níbí. Nígbà tí rédíò ìjọba ń fi ìlù dá ara ẹ̀ mọ̀, òyìnbó ni wọ́n ní ìlù yẹn ń sọ, pé rédíò Nàìjíríà nìyí. Àwọn èèyàn wa ní irọ́, “B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?” ló ń wí! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1936 ni Baálẹ̀ Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ di Olúbàdàn, oyè ọ̀hún ò tíì gbó nígbà yẹn. Wọ́n gbé èdè òyìnbó sórí ìlù, Yorùbá ló bá jáde, kí la tún ń wá?

Èyí tó kù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n: gángan tó jẹ́ ẹbí dùndún bọ́ sínú jùjú, I. K. Dairo lò ó, Àyìndé Barrister ọmọ Ìbàdàn lò ó nínú fújì, ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba sì ṣèwádìí dùndún fọ́pọ̀ ọdún.