Títa irè oko sókè òkun: àwọn olówò kéékèèké ní Nàìjíríà

Títa irè oko sókè òkun ni pé kí olówò kó ohun tí wọ́n gbìn nílé lọ fún oníbàárà tó wà nílẹ̀ ibòmíì. Ní Nàìjíríà ọ̀pọ̀ olówò kéékèèké ló wà nídìí ẹ̀, ẹlòmíì ń kó zobo, ẹlòmíì atalẹ̀, yànmọ̀tí, òrí tàbí ẹ̀wà.

Ìwé

Olówò á forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa rí sí títa ọjà sókè òkun, báńkì á bá a ṣe fọ́ọ̀mù NXP tí wọ́n fi ń kọ ọjà tó ń jáde sílẹ̀, NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, náà á yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó fún un ní sátífíkéètì pé kòkòrò tàbí àrùn ohun ọ̀gbìn ò sí nínú ẹ̀. Ẹrù tí ìwé ẹ̀ pé náà, wọ́n ṣì lè dá a padà.

Bí ọjà ṣe mọ́ tó

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kẹfà 2015 ni EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọ́n sì ti fi kún àkókò òfin yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí dichlorvos tí wọ́n bá nínú ẹ̀, ìyẹn oògùn kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀tápiapia. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni wọ́n gbà láyè, èyí tí wọ́n rí lára ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó dé 4.6. Britain ṣì wà nínú EU nígbà yẹn, torí náà àwọn tó ń tà fún ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní London, náà fara gbá nínú ẹ̀.

Ó jọ pé ilé ìkẹ́rùsí ni ìṣòro yìí ti pọ̀ jù, kì í ṣe oko (ẹni tó bá ti rí àpò ẹ̀wà tí kòkòrò dálu rí á mọ ìdí tí wọ́n fi ń fín in). Olówò kékeré ò lóko tó lè kún kọ̀ntéńà, á ra àpò méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kò mọ èwo ni wọ́n fín, tí àpò kan péré bá wá bọ́ sínú sáńpù, ìyẹn díẹ̀ tí wọ́n bù nínú ẹrù, tí wọ́n yẹ̀ wò nípọ́ọ̀tù, gbogbo ẹrù ló kó bá. Torí ẹ̀ àwọn tó ń ṣe é yọrí sábà máa ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n mọ̀, wọ́n á ti bá wọn sọ̀rọ̀ oògùn kó tó di ìkórè, wọ́n á kọ ibi tí àpò kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀, wọ́n á gbé sáńpù lọ láàbù kí ẹrù tó kúrò nílé. Àpò PICS náà ń ṣe bẹbẹ, ọ̀rá méjì ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá so ó pa dáadáa afẹ́fẹ́ á tán, kòkòrò á kú láìlo oògùn. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, àmọ́ èèyàn lè tún un lò.

Owó àti ọjà

NEXIM, báńkì ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ń yá àwọn tó ń kó ọjà jáde lówó. Òwò lábẹ́ AfCFTA, àdéhùn òwò ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021, láti dín owó kọ́sítọ́ọ̀mù kù láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà.