Ogun Abánidélé: Ohun Tó Yẹ Ká Máa Pe PTSD

Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ PTSD, àìsàn ọkàn tó máa ń bá ẹni tó ti la ohun ẹlẹ́rù kọjá, sí "àrùn ẹ̀yìn ìpayà" jẹ wá ní àlàyé. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá àgbà, àgbo ẹ̀yìn dídùn ni yóò lọ sè. Ẹlòmíràn gbé "ọgbẹ́ inú" dé, bí ẹni pé kò mọ̀ pé orúkọ àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn lè gbààwẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ní ká kúkú máa pè é ní "pítíẹ́sídì", mi ò bá wọn jà púpọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kéèyàn yá ọ̀rọ̀ lò. Ṣùgbọ́n kí ni pítíẹ́sídì fẹ́ sọ fún obìnrin tí ẹ̀rù ń bà láti fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ lójú oorun, kó má baà ta jí pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́? Èyí tó bí mi nínú jù ni "wèrè ogun". Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ta lẹ rò pé ó máa jókòó síwájú dókítà kó ní, "Ẹ gbà mí, wèrè ogun ń ṣe mí"?

Ogun abánidélé lèmi ń pè é. Ogun tí èèyàn ti kúrò lójú rẹ̀, tó sì tẹ̀ lé e wọlé. Kò ṣàjèjì sétí: ẹni tó bá mọ abánigbé, tó mọ abánidíje, ti mọ abánidélé ná. Kò pe ẹnikẹ́ni ní wèrè, kò sì dẹ́bi fún un. Ogun ló tẹ̀ lé e, òun kọ́ ló pè é. Wọ́n ní yóò jọ ogun abẹ́lé. Kò jọ ọ́. Ogun abẹ́lé, gbogbo ìlú ló ń jà á. Abánidélé, ẹnì kan ló ń jà á, tí àwọn yòókù nínú ilé ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún ní ẹni tó wà nínú ìjàǹbá mọ́tò náà lè ní in, àti ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n máa pe tiwọn ní ìpayà abánidélé. Ọ̀rọ̀ ológun ni mo ń sọ lónìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ fojú inú wo ọdẹ àdúgbò tó ń ṣọ́ òru, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀sán gangan, ó ṣì ń lu irin, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú oníbúrẹ́dì, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iléèwé: "Ta nìyẹn?" Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe, iṣẹ́ tó kó o yọ lóru. Ara ológun náà nìyẹn. Ní Fallujah, ní Ìráàkì tí wọ́n ti jagun, páálí tó wà lẹ́bàá títì lè jẹ́ bọ́ǹbù. Nílé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, páálí lásán ni, ṣùgbọ́n ara kò tíì gbà. Ìdí nìyẹn tí oorun fi ń dá lójú rẹ̀, tí àlá fi ń gbé e padà síbẹ̀, tí kì í fi í kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn nílé oúnjẹ. Ó ní ìtọ́jú. Òògùn wà, ṣùgbọ́n èyí tó múná jù ni kó máa fẹnu sọ ohun tó ń sá fún, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Àìsàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, oníṣègùn Charles Myers kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lábẹ́ orúkọ "shell shock". Síbẹ̀, lọ́dún 1916, àwọn ọmọ ogun Bírítéènì yìnbọn pa Harry Farr, ọmọ ogun wọn tí wọ́n ti tọ́jú fún àìsàn náà gan-an, wọ́n ní ojo ni. Ọdún 2006 ni wọ́n tó dárí jì í, òun àti 305 mìíràn. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi PTSD sínú ìwé wọn, lẹ́yìn tí àwọn tó ti ogun Vietnam bọ̀ ti pariwo títí.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń kọ mí lóminú ni "ajagunfẹ̀yìntì" tí à ń lò fún "veteran". Tí Yorùbá bá gbọ́ ajagunfẹ̀yìntì, ọ̀gágun abikùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ló máa wá sí i lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 24 tó ṣe ọdún mẹ́rin tó sì kúrò, veteran ni. Ẹ máa pè é ní ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ó gùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán: lọ́dún 2022, 6,407 irú wọn ló gbẹ̀mí ara wọn, àwọn ọmọ ọdún 18 sí 34 ló sì wà nínú ewu jù, tí a bá fi wé iye wọn. Àwọn ọmọ wa wà nínú iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí ètò MAVNI ń gba àjèjì sínú ológun Amẹ́ríkà, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá.

Kì í ṣe gbogbo àwọn 6,407 yẹn ló fojú kan ogun o. Ìrora ara, ọtí, gbèsè, ìgbéyàwó tó tú, àti ìdánìkanwà lẹ́yìn iṣẹ́ tó jẹ́ pé wọ́n ń sọ ìgbà tó yẹ kó o jí fún ọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní abánidélé kò sì ní pa ara wọn láé. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi "ikú yá ju ẹ̀sín" ṣàlàyé irú ikú bẹ́ẹ̀. Òwe yẹn ní ibi tá a ti ń pa á. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kò jókòó ṣírò ẹ̀sín kankan. Ẹ kàn ń sọ fún ẹni tó kù pé ó bójú mu ni.

Èyí tó léwu jù ni ìbọn tó wà nítòsí. Nínú ikú mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tó jẹ́ ti ìbọn, nígbà tó jẹ́ pé èrò láti pa ara ẹni sábà máa ń ru sókè, ó sì ń rọlẹ̀. Lọ́dún 2006, ológun Ísírẹ́lì ní kí àwọn ọmọ ogun fi ìbọn sílẹ̀ ní bárékè tí wọ́n bá ń lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀; irú ikú yìí fi bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn. Torí náà, tí ẹ bá rí i pé nǹkan ń ṣe ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ẹ bá a gbé ìbọn náà kúrò nílé fúngbà díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi í tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè kọ́ ló ń fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá tẹ 1 fún ti àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, tàbí kẹ́ ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí 838255. Ìyàwó, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ náà lè pè é.