Ẹ̀gbọ́n, ṣé superconductor máa ń ba gauge symmetry jẹ́ lóòótọ́?

Àbúrò mi kan tó ń ka fisíìsì ní Àgọ́-Ìwòyè wá bá wa ṣe Iléyá n'Íjẹ̀bú-Òde, a ṣì ń jẹ ìkókóré lọ́wọ́ ló ti kó ìwé méjì jáde, ọ̀kan ní gauge symmetry máa ń bàjẹ́ fúnra ẹ̀ nínú superconductor, èkejì ní kò lè bàjẹ́ láéláé. Ó ní èwo ni kóun gbà. Ohun tó bi mí àtèsì tí mo fún un rèé.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni superconductor ṣe gan-an tí wọ́n fi ń pariwo ẹ̀?

Lọ́dún 1911, ní Leiden, Kamerlingh Onnes mú kí mẹ́kúrì tutù tó nǹkan bíi 269 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius (omi gaàrí wa ò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀), ìdènà tí wáyà máa ń ṣe fún iná bá pòórá; ohun tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ là ń pè ní superconductor. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìyẹn kọ́ ló yani lẹ́nu jù. Lọ́dún 1933 Meissner àti Ochsenfeld ní Jámánì rí i pé tó bá ti tutù débi tó yẹ, ńṣe ló máa lé agbára òòfà jáde nínú ara ẹ̀, kódà èyí tó ti wà níbẹ̀ kó tó tutù. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Kí symmetry bàjẹ́ fúnra ẹ̀, kí nìyẹn náà?

Ọ̀tunla Ojúde Ọba, àbí? Kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àǹtí ẹ tó ṣèpàdé, gbogbo àwọ̀ ló dọ́gba, wọ́n lè mú àwọ̀ ewé, wọ́n lè mú pọ́pù, òfin ò sọ nǹkan kan: symmetry nìyẹn. Tí wọ́n bá ti mú ọ̀kan báyìí ó tán, ó ti bàjẹ́ fúnra ẹ̀ nìyẹn, wo ojú tí wọ́n máa fi wo ẹni tó bá dá tiẹ̀ wọ̀! Irin òòfà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn átọ̀mù inú ẹ̀ á kọjú síbì kan náà, bẹ́ẹ̀ kò sófin tó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n kọjú sí. Ìwé àkọ́kọ́ ẹ wá ní superconductor náà ń ṣe é: electron, àwọn ohun tín-tìn-tín tó ń gbé iná, á so pọ̀ ní méjì-méjì bí Bardeen, Cooper àti Schrieffer ṣe ṣàlàyé lọ́dún 1957, wọ́n á wá ní ohun kan bí ọwọ́ aago tó ń jẹ́ phase, gbogbo ọwọ́ aago á sì nà síbì kan náà.

Ó yé mi, wàhálà wá dà níbẹ̀?

Àwọ̀ aṣọ, ojú ń rí i. Phase yìí, kò sẹ́ni tó lè rí i láéláé. Jẹ́ ká ní ilé kọ̀ọ̀kan láti ibí dé Ṣàgámù lè yí aago ẹ̀ síbi tó bá wù ú, láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O rò pé ayé á dàrú? Kò ní dàrú o, tí ìwé kékeré bá ti wà láàárín ilé kan sí ìkejì tó sọ pé tó o bá ń ti ibí bọ̀, fi wákàtí méjì kún un. Ẹni tó bá yí aago ẹ̀ á tún ìwé tọ̀tún tòsì ẹ̀ kọ, ó parí. Aago yẹn ni phase, ìwé yẹn ni vector potential tó ń dà ẹ́ láàmú (ohun tí wọ́n fi ń ṣírò òòfà), òmìnira láti yí aago bó ṣe wù wá ni gauge symmetry. Ọ̀nà ìkọsílẹ̀ lásán ni, báwo ló ṣe máa bàjẹ́? Lọ́dún 1975 Elitzur fi ìṣirò hàn pé kò lè bàjẹ́ fúnra ẹ̀ lóòótọ́.

Kí ló wá ń lé òòfà jáde?

Ibi tó dùn rèé. Gbéra ní Òde, gba Ṣàgámù, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, kó o padà wálé, kó o sì máa ro gbogbo àtúnṣe inú ìwé pọ̀ bó o ṣe ń lọ. Tó bá jẹ́ òdo, kò sí òòfà tó gba àárín ọ̀nà tó o rìn yípo kọjá. Tí nǹkan bá ṣẹ́ kù, òòfà nìyẹn, bó ti wù kẹ́ ẹ yí aago tó, iye yẹn ò ní yí padà. Nǹkan gidi nìyẹn.

Nínú superconductor, aago àwọn aládùúgbò á bára mu lẹ́yìn àtúnṣe, torí tí wọn ò bá bára mu, iná á máa ṣàn níbẹ̀, ìyẹn sì ń ná an lágbára. Tí wọ́n bá bára mu yípo, àpapọ̀ àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi ìyípo aago: òdo, ẹyọ kan, méjì, kò sí ààbọ̀. Tí irin ọ̀hún ò bá níhò, o lè máa sún ọ̀nà yẹn kì títí á fi di tóńtó, torí náà òdo ló máa jẹ́, òòfà ò sí nínú ẹ̀. Meissner nìyẹn! Tó bá níhò bí òrùka, ìyípo kan tàbí méjì lè wà, ìdí nìyẹn tí òòfà inú òrùka fi ń wá lẹ́yọ-lẹ́yọ ní ìwọ̀n h/2e (h ni nọ́ńbà Planck, e ni iye iná tó wà lára electron kan), wọ́n ti wọ̀n ọ́n lọ́dún 1961. 2 tó wà lábẹ́ yẹn, electron méjì tó so pọ̀ ni.

Òfin Goldstone ńkọ́? Ó ní tí symmetry bá bàjẹ́, ìgbì kan tí kò náni ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà.

Iná òun òòfà gbé ìgbì yẹn mì níbí, wọ́n wá di ohun tó wúwo tí kò lè rìn jìnnà. Anderson rí i lára superconductor, lọ́dún 1964 Higgs, àti Englert pẹ̀lú Brout, gbé irú ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn particle, àwọn ohun tó kéré jù lọ láyé, CERN, ilé ìwádìí fisíìsì nílẹ̀ Yúróòpù, sì kéde Higgs boson, particle tí àlàyé yẹn ní ó gbọ́dọ̀ wà, lọ́dún 2012.

Ìwé àkọ́kọ́ wá parọ́ nìyẹn?

Mi ò ní pè é nírọ́, ó kàn gé ọ̀rọ̀ kúrú ni. Àwọn tó kọ ọ́ ti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe yí aago (ìyẹn ni wọ́n ń pè ní mímú gauge), wọ́n wá ń sọ pé ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀ nà síbì kan! Àmọ́ ìyàtọ̀ aago láàárín superconductor méjì, ìyẹn kì í ṣe eré, Josephson ló sọ ọ́ lọ́dún 1962: fi nǹkan tín-ín-rín dí àárín wọn, fún un ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fólítì, iná á máa lọ á máa bọ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 483.6 nígbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n fólítì.

Kí n wá kọ kí ni nínú ìdánwò?

Kọ ohun tí tíṣà ẹ kọ jàre, máàkì ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ṣáà fi "lẹ́yìn tá a ti mú gauge kan" ṣíwájú ẹ̀. Ó ní tí tíṣà bá ní kí lòun ń sọ ńkọ́? Mo ní kó mú un gba Ṣàgámù, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́.